Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ọ̀dà: Bí Ìtànṣán Léésà Ṣe Ń Yẹ Àwòrán Ara Ògiri Ayé Àtijọ́ Wò

Ní ọdún 1821, Stefano Barezzi dé iwájú ògiri kan ní ìlú Mìlánì, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ẹlẹ́sìn Dominiki ti ń jẹun ní ilé ìsìn Santa Maria delle Grazie. Iṣẹ́ tó mọ̀ jù lọ ló bá wá: ó mọ bí wọ́n ṣe ń bó àwòrán kúrò lára ògiri kan kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà láàárín ọdún 1495 sí 1498 ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀dà ibẹ̀ ti ń ṣí, ó sì ń jábọ́ wẹ́wẹ́. Barezzi gbà pé fresco ni, ìyẹn àwòrán tí wọ́n yà sára ògiri tó ṣì tutù, tí ọ̀dà àti ògiri fi di ohun kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o láti àárín. Kì í ṣe fresco. Kó tó mọ̀, ó ti ba ibẹ̀ jẹ́, ló bá tún ń fi gọ́ọ̀mù lẹ èyí tó ti ṣí padà.

Ó rọrùn láti bú u. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é ti ṣe ọ̀pọ̀ olùtọ́jú àwòrán ṣáájú rẹ̀, ó sì ti ṣe àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dà nìkan ni ojú ń rí, ẹ̀yìn ọ̀dà sì ni àìsàn máa ń fi ṣe ibùgbé. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ tí ìtànṣán léésà ń bá wa ṣe lára àwọn ògiri wọ̀nyí, lójú tèmi, ni pé ó ń fi ibi tí kò yẹ kí ọwọ́ kàn hàn wá kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ògiri náà ṣe rí nínú. Ní Ítálì, ẹni tó bá fẹ́ ya fresco á po yanrìn mọ́ ẹfun òkúta tí wọ́n sun, á fi rẹ́ ara òkúta tàbí bíríkì. Èyí ni àwọn bíríkìlà wa ń pè ní pulásítà. Ìpele àkọ́kọ́ máa ń nípọn, kì í sì í dán. Bó bá ti gbẹ, á wá rẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́ lé e, kìkì ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ lè yà tán lọ́jọ́ kan, nítorí ọ̀dà gbọ́dọ̀ bá a ní tútù. Bí ẹfun náà ṣe ń gbẹ, ó ń fa carbon dioxide mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń padà di òkúta. Inú òkúta yẹn ni ọ̀dà há sí, ìdí sì nìyí tí fresco fi ń pẹ́. Leonardo kò fẹ́ kí ẹfun tútù máa lé òun. Ó fẹ́ máa yà, kó fi sílẹ̀, kó padà wá tún un ṣe, nítorí náà orí ògiri gbígbẹ ló yà sí, ọ̀dà rẹ̀ kò sì wọnú ògiri. Ọgọ́rùn-ún ọdún kò tíì pé tí Giorgio Vasari, òǹkọ̀wé ìtàn àwọn ayàwòrán, fi ròyìn pé àbàwọ́n lásán ló kù níbẹ̀.

Fresco gidi pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àìsàn. Ìpele kan lè yọ kúrò lára ìkejì, tàbí kí pulásítà odindi yọ kúrò lára òkúta, kí ihò sì wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí. Omi ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Á gba ìpìlẹ̀ gòkè, tàbí kó gba òrùlé tó ń jò wọlé, á sì kó iyọ̀ dání láti inú ilẹ̀ àti láti inú ògiri fúnra rẹ̀. Bí omi bá ti gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ó máa ń dì sínú àwọn ihò tíntìntín inú pulásítà, ó ń dàgbà níbẹ̀, ó sì ń fọ́ ọ láti inú. Ojú ọ̀dà lè dára fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1966, odò Arno kún wọ ìlú Florence. Omi fà, ṣùgbọ́n wàhálà àwọn fresco ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rinrin tó kù nínú ògiri ń ti iyọ̀ bọ̀ síta, sulfate ń sọ ẹfun inú pulásítà di gypsum, gypsum ń wú, ọ̀dà sì ń bọ́. Enzo Ferroni, onímọ̀ kẹ́mísírì, àti Dino Dini, olùtọ́jú àwòrán, ló fi ammonium carbonate àti barium hydroxide wá oògùn sí i, wọ́n sì lò ó fún àwọn fresco tí Beato Angelico yà sí ilé ẹlẹ́sìn San Marco ní ìlú náà. Oògùn tó dára ni. Síbẹ̀, ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà kò lè dí ihò tó wà lẹ́yìn pulásítà.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ní tirẹ̀ kì í dúró de iyọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ilẹ̀ mì lóru ní Assisi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn wọ ilé ìsìn òkè ti Francis Mímọ́ láti wo ohun tó ti bà jẹ́. Ilẹ̀ tún mì, àjà já lulẹ̀. Èèyàn mẹ́rin kú lábẹ́ rẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́sìn ibẹ̀, méjì yòókù sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá ṣàyẹ̀wò. Àwòrán Mátíù Mímọ́ tí Cimabue yà sí àjà náà sì di wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè ìdí tí a fi ní láti dúró lókèèrè fi ìmọ́lẹ̀ yẹ ògiri wò, àwọn mẹ́rin yẹn ni mo máa ń rántí.

Kí léésà tó dé, ìka àti etí ni wọ́n fi ń mọ̀. Olùtọ́jú á gun àgà, á fi eegun ìka kan ògiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì dẹ etí sí ìró rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá tó ń ra ìkòkò lọ́jà ṣe ń kàn án kó tó tú owó sílẹ̀. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ra dáadáa á dún kì, ibi tó bá ṣófo á dún wóhùwóhù. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì ń gbọ́ ohun tí àwa yòókù kò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ìka gbọ́dọ̀ fara kan àwòrán, àwòrán mìíràn sì wà tí fífi ìka kàn án ti tó láti já ọ̀dà rẹ̀ bọ́. Ohun tí etí ẹnì kan gbọ́ lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé ìró náà kò ní àkọsílẹ̀: bí olùtọ́jú bá ti fẹ̀yìn tì, ìmọ̀ tó ní nípa ògiri yẹn bá a relé.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan léésà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ California, láti inú òkúta rúbì àtọwọ́dá. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gílóòbù ilé wa ní ti pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni, gbogbo ìgbì rẹ̀ sì ń dìde pọ̀, wọ́n ń wálẹ̀ pọ̀. Ìṣọ̀kan ìgbì yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé. Ní ọdún 1965, Robert Powell àti Karl Stetson ní Yunifásítì Michigan rí i pé bí a bá fi léésà ya àwòrán hologram ohun kan, ìyẹn àwòrán tó ń pa ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó ti ara ohun náà wá mọ́, lẹ́ẹ̀mejì, tí ohun náà sì sún díẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀kínní àti ẹ̀ẹ̀kejì, ìlà dúdú àti ìlà títàn á bo ojú àwòrán náà. Ìlà kan sí ìkejì dúró fún ìsúnkiri tó jẹ́ ìlàjì gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ léésà pupa tó wọ́pọ̀ nígbà náà, èyí ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mìlímítà kan lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà fi gbọ́. John Asmus, onímọ̀ físíìsì láti California, lọ sí Venice ní ọdún 1972 láti fi hologram ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ère ìlú náà tó ń bà jẹ́. Níbẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé ìtànṣán náà lè ṣí ìdọ̀tí dúdú kúrò lára òkúta láìpa òkúta lára, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi léésà fọ ère lónìí sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn mìíràn nìyẹn. Ní ọdún 1974, àwọn onímọ̀ Ítálì mẹ́rin, Amadesi, Gori, Grella àti Guattari, tẹ àlàyé jáde nípa bí a ṣe lè fi hologram wá ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára àwòrán orí pákó. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé gíláàsì onífíìmù ni wọ́n ń lò, wọ́n ní láti fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn kí wọ́n tó rí ohunkóhun. Àwọn ará Loughborough ní Gẹ̀ẹ́sì, John Butters àti Jack Leendertz, ló gbé kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n rọ́pò gíláàsì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Látìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti lè jáde kúrò nínú yàrá ìwádìí lọ bá ògiri níbi tó wà.

Bí ìtànṣán léésà bá bà lé ara ògiri tí kò dán, ẹni tó bá wò ó á rí i pé ó ń tàn wínníwínní, àmì dúdú àti àmì títàn tó pọ̀ ju kíkà lọ. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti ara gbogbo gọ́ńgọ́ àti kòtò ara ògiri ló ń pàdé lọ́nà. Níbi tí wọ́n bá ti bára mu, wọ́n á tàn sí i. Níbi tí wọ́n bá ti ta kora, wọ́n á pa ara wọn. Ibì kọ̀ọ̀kan lára ògiri ló ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tirẹ̀, bó bá sì sún bó ti wù kó kéré tó, ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà á yí padà. Kámẹ́rà á kọ́kọ́ ya ògiri bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi iná tàbí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mú kí ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, kò ní ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, kámẹ́rà á sì máa yà á lọ bó ṣe ń tutù. Kọ̀ǹpútà á yọ àwòrán àkọ́kọ́ kúrò nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Níbi tí pulásítà ti di òkúta mú, ooru á gba inú ògiri lọ, gbogbo rẹ̀ á sì sún pọ̀. Níbi tó ti ṣófo lẹ́yìn, ooru kò ríbi gbà, ibẹ̀ á wú ju àyíká rẹ̀ lọ, àwọn ìlà á sì yí i po, ìlà nínú ìlà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á rí bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí etí rẹ̀ dé, láìfi ìka kan ohunkóhun.

Àmọ́ ohun tó lè rí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mìlímítà á rí ohun tí a kò rán an rí pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, ẹsẹ̀ àlejò, agogo ilé ìsìn, atẹ́gùn tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn: gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú àwòrán. Láti dín ìyẹn kù, àwọn kan ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní shearography, tí ẹ̀rọ fi ń wọn ibì kan lára ògiri mọ́ ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí ògiri odindi bá mì pọ̀, kò kàn án. Ibi tí aládùúgbò méjì bá ti sún yàtọ̀ síra ló ń wá.

Ní Jámánì, Klaus Hinsch àti Gerd Gülker ní Yunifásítì Oldenburg fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé irú ẹ̀rọ yìí wọ inú àwọn ilé àtijọ́. Ní Ítálì, Domenica Paoletti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì L'Aquila wà lára àwọn tó lò ó jù fún fresco. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2009, ilẹ̀ mì ní L'Aquila fúnra rẹ̀. Èèyàn 309 ló kú, àwọn ilé ìsìn àti ààfin ìlú náà sì fọ́ tàwòrán tàwòrán. Ìlú tó ti ń kọ́ ayé bí a ṣe ń mọ ibi tí ògiri ti ṣófo wá di ibi tí iṣẹ́ náà pọ̀ sí gan-an.

Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn gan-an, nítorí pé ó gba ìmọ̀ àwọn tó ń fi ìka kan ògiri, ó sì yọ ìka kúrò nínú rẹ̀. Ní ọdún 1996, Paolo Castellini, Nicola Paone àti Enrico Primo Tomasini ní Yunifásítì Ancona ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó fún fresco. Wọ́n á gbé gbohùngbohùn sí iwájú ògiri, á máa dún láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè. Ìtànṣán léésà á máa lọ láti ibì kan sí ibì kan lára ògiri, á máa wọn bí ibẹ̀ ṣe ń yára gbọ̀n. Ohun tí Christian Doppler sọ ní ọdún 1842 ló ń lò: ìgbì tó bá padà láti ara ohun tó ń sún máa ń yí díẹ̀. Ògiri tó dúró gbọin kì í dáhùn. Pulásítà tó ti ṣí lẹ́yìn á bá ohùn náà gbọ̀n, oníkálukú ní ohùn tirẹ̀, ihò tó fẹ̀ ń dáhùn sí ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó kéré ń dáhùn sí ohùn òkè. Iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí ibì kan lẹ́yìn ibì kan ló ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi nọ́ńbà sílẹ̀ tí ẹni tí kò tíì bí lónìí lè padà wá kà.

Léésà tún ń ran wa lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ọwọ́ àwọn olùtọ́jú ìṣáájú fi sílẹ̀. Bí a bá tan léésà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọjá àwọ̀ àlùkò tí ojú lè rí sára ògiri, oríṣiríṣi nǹkan á dá ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ padà. Ewédò tó ń hù lára ògiri á tàn pupa nítorí chlorophyll inú rẹ̀, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ìgbàlódé á tàn lọ́nà tiwọn. Sune Svanberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní Sweden kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n sì dúró ní òkèèrè yẹ ara katidírà Lund wò. Lẹ́yìn náà, àwọn àti àwọn ará Ítálì jọ ṣe ti katidírà Parma àti ilé ìrìbọmi rẹ̀.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì wà ní Mẹ́síkò. Ní Cholula àti Mayapán, àwọn tó fẹ́ gba àwòrán ìgbàanì là fi ọ̀dà acrylic bo ojú wọn. Ọ̀dà náà dí ihò tí ògiri fi ń mí. Omi àti iyọ̀ há sẹ́yìn rẹ̀, iyọ̀ ń dì, ojú àwòrán sì ń wó. Piero Baglioni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Florence ni wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa tún ọ̀dà ààbò náà yọ kúrò. Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n fi í síbẹ̀. Ìfẹ́ náà ló sì mú kí Barezzi gun àgà. Àwòrán tí ìfẹ́ láìsí àyẹ̀wò ti bà jẹ́ kò kéré, ó sì ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá kà nípa òmíràn.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí ìlà bá ti yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ti di dandan kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń da ẹfun olómi sínú ihò dé. Ìlà ń sọ pé ibí yìí sún yàtọ̀. Kò sọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ ihò. Ó sì lè jẹ́ símẹ́ǹtì tí ẹnì kan fi dí ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí kì í wú bí ẹfun ṣe ń wú. Ihò gidi náà sì wà tó ti wà níbẹ̀ fún irinwó ọdún tí kò tíì fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá da ẹfun olómi sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ ti fi omi àti ẹrù tuntun kún ohun tó ti dúró jẹ́ẹ́.

Àwọn ihò àpáta Mogao nítòsí Dunhuang, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, kọ́ni ní ohun tó tẹ̀ lé àyẹ̀wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ wọn ní ọdún 366, ihò 492 ló sì ní àwòrán nínú. Ẹrẹ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko ni wọ́n fi rẹ́ ara àpáta ibẹ̀. Nínú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 85, tí wọ́n gbẹ́ láàárín ọdún 862 sí 867, Ilé Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Dunhuang àti ilé iṣẹ́ ìtọ́jú iṣẹ́ ọnà ti Getty fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí tí ẹrẹ̀ fi ń ṣí kúrò lára àpáta: iyọ̀ tí omi kó wá sí ibẹ̀ nígbà kan rí, tó ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tó tún ń gbẹ. Ìgbà tí wọ́n mọ èyí ni wọ́n tó po ohun tí wọ́n máa fi dí i: amọ̀ àdúgbò náà, òkúta fúyẹ́, gíláàsì róbótó kéékèèké tó ṣófo nínú, àti funfun ẹyin, kó má bàa wúwo fún ẹrẹ̀ tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún fi ohun tó ń fa omi tẹ ojú àwòrán kí iyọ̀ lè bá omi náà jáde.

Mi ò lè ronú lórí èyí kí n má rántí ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀. Moyọ̀ Òkédìjí àti Bọ́lájí Campbell ti kọ̀wé lórí àwọn obìnrin tó ń ya ara ògiri àwọn ojúbọ wa, tí wọ́n ń fi ohun tó ti inú ilẹ̀, ewé àti èédú wá pèsè ọ̀dà, tí wọ́n sì ń yà á lákọ̀tun nígbà ọdún òrìṣà. Níbẹ̀, bí ògiri bá là, ẹrẹ̀ ni wọ́n á fi dí i, wọ́n á sì tún un yà. Inú ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn ni àwòrán náà ń gbé, ó ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Ohun tó ń pa á lára ni kí àwọn ọwọ́ náà dín kù, léésà kò sì lè wá ìyẹn rí. Ṣùgbọ́n ní Mìlánì, ní Assisi, ní Mogao, ọwọ́ tó yà á ti kú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí ẹni tó ní àṣẹ láti tún un yà. Èyí tó wà lára ògiri nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àyẹ̀wò tó gba ọdún mélòó kan kí oògùn tó dé kò pẹ́ jù fún irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ti ń kéré sí i. Ní Heraklion ní erékùṣù Crete, Vivi Tornari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí FORTH ti ṣe èyí tí wọ́n lè gbé lọ bá iṣẹ́ ọnà níbi tó wà. Ohun tó ṣì ṣòro láti rí owó fún ni ìpadàbọ̀. Àwòrán léésà kan ṣoṣo ń sọ bí ògiri ṣe rí lọ́jọ́ kan. Láti mọ bóyá ihò náà ń fẹ̀ sí i, àfi kí wọ́n padà wá yà á láti ibi kan náà, ní àkókò kan náà nínú ọdún, kí wọ́n sì gbé méjèèjì síra. Ìjọba tàbí àjọ tó bá fẹ́ ná owó lórí èyí ní láti kọ owó ọdún kejì, ọdún karùn-ún àti ọdún kẹwàá sínú ìwé kan náà tí wọ́n kọ owó ẹ̀rọ sí, pẹ̀lú owó oṣù olùtọ́jú tí yóò gun àgà lọ dẹ etí sí ibi tí àwọn ìlà bá tọ́ka sí, kó tó pinnu bóyá kí wọ́n dí i tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀.